Ẹ̀rọ Méjì Tó Ń Jẹ́ Orúkọ Kan

Ìyá mi,

Ẹ kú àárò mi. Ara mi le, mo sì ń jẹun dáadáa.

Ẹ bi mí ní ìdí tí mo fi ń wà nílé lọ́sàn-án. Níbi iṣẹ́, wọ́n ní kí n sinmi díẹ̀ ni. Ẹ̀rọ tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn nílé ìwòsàn wa pọ̀, oníkálukú ló sì ní nọ́ńbà tó dà bí orúkọ, tí àwọn yòókù fi ń dá a mọ̀. Ìbejì pàápàá kì í jẹ́ orúkọ kan náà. Ọ̀gá ní kí n ṣe ẹ̀dà ọ̀kan kíákíá. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ yí nọ́ńbà ẹ̀dà náà padà." Wọ́n ní, "Ìyẹn lè dúró."

Ni ẹ̀rọ méjì bá ń jẹ́ orúkọ kan. Ẹ̀rọ tó ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn kò mọ èwo lèwo. Ó gba ti ọ̀kan, ó da ti èkejì nù. Lára ohun tó dà nù ni ìkìlọ̀ pé ara ìyá àgbà kan kò gba oògùn kan. Nọ́ọ̀sì sì fún ìyá náà ní oògùn ọ̀hún.

Ìyá náà ṣì ń mí. Ọmọ wọn obìnrin pàdé mi ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin lẹ ń tọ́jú ẹ̀rọ?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀gá ní àwọn kò rántí pé a sọ nǹkan kan nípa nọ́ńbà. Ẹnu mi nìkan ni ẹlẹ́rìí mi.

Ṣùgbọ́n mo ń sùn dáadáa, mo tilẹ̀ ti fọ aṣọ fèrèsé. Ẹ má sọ fún bàbá. Ẹ kàn ní mo kí wọn. Ẹ kí àwọn àbúrò mi. Tí ẹ bá ń gbàdúrà, ẹ bá mi fi ìyá kan kún un. Wọn ò fi bẹ́ẹ̀ dàgbà jù yín lọ.

Ọmọ yín.