Bí Wọ́n Ṣe So Ara Bàálù Pọ̀

Bàbá mi tó kọ́ mi níṣẹ́ jórinjórin,

Ẹ mọ̀ pé mi ò mọ̀wé. Rísí ọmọ mi ló ń bá mi kọ èyí. Mo ti kìlọ̀ fún un pé bí mo bá ṣe sọ ọ́ ni kó kọ ọ́.

Mo lọ wo bàálù àwọn sójà n'Íkẹjà lánàá. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti wá bá yín lọ́run, mi ò jáde mọ́. Rísí ló fà mí lọ. Wọ́n to bàálù sórí pápá bí ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ tà, àwọn èèyàn ń rìn láàárín wọn. Nígbà tó yá, àwọn mìíràn bẹ̀rẹ̀ sí í kọjá lókè, mẹ́ta mẹ́ta. Oòrùn ń ta mí lójú, mo bá dijú. Ariwo náà gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọ inú mi, eyín mi ń gbọ̀n. Mo dijú síbẹ̀, mo sì mọ èyí tó ń bọ̀ láti apá Agége àti èyí tó ń padà lọ. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yín ti wá sí mi lọ́kàn.

Ẹ rántí ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ ní kí gbogbo èèyàn wá wo bàálù àwọn sójà. Ẹ gbọ́ ọ lórí rédíò. Iná irin tí ẹ ń jó n'Ílúpéjú ti gba ojú yín nígbà náà. Àárọ̀ kùtù lẹ ti wọ agbádá, ẹ dé fìlà, ẹ jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Ohun tí ẹ máa ń bi mí bí bàálù bá ti kọjá lórí òrùlé wa n'Ífàkò náà lẹ tún bi mí: "Ṣé wọ́n jó irin ẹ̀ pọ̀ ni, àbí wọ́n kàn án ní ìṣó?"

Mo ní, "Bàbá, ojú wo lẹ fẹ́ fi wò ó?"

Ẹ ṣí fìlà yín, ẹ gbé e lé orúnkún. Ìyàwó mi ní òun á fà yín lọ́wọ́ lọ. Mo ní kó jókòó.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ojú yín, Bàbá. Mi ò fẹ́ kí àwọn ọ̀rẹ́ mi rí mi níbi tí mo ti ń fa afọ́jú káàkiri. Rísí ń wò mí. Kó kọ ọ́.

Mo fi yín sílẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà, mo lọ, mo sì rí i pé wọ́n ń jẹ́ kí èèyàn fọwọ́ kan bàálù. Mo padà wálé, mi ò sọ fún yín. Èmi fúnra mi ò fọwọ́ kàn án, torí bí mo bá fọwọ́ kàn án, màá ní láti dá yín lóhùn. Ẹ ò sì tún bi mí mọ́ títí ẹ fi kú. Bàálù á kọjá, àwo á máa mì lórí tábìlì, ẹ ó máa jẹun yín lọ. Ṣé ẹ bínú? Ṣé ìyàwó mi ti sọ ìdí tí mi ò fi mú yín lọ fún yín níbẹ̀?

Lánàá, sójà kan rí mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàálù ńlá kan tí wọ́n fi ń kó ẹrù. Ó ní, "Bàbá, ẹ sún mọ́ ọn, ẹ fọwọ́ kàn án. Kò ní bù yín jẹ."

Mo tún dijú. Mo fi àtàǹpàkò wá ojú ibi tí iná ti so irin pọ̀, bí ẹ ṣe kọ́ mi. Mi ò rí i. Orí ìṣó ni mo bá, kéékèèké, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn láti ikùn rẹ̀ títí dé ìdí. Sójà yẹn rò pé àdúrà ni mò ń gbà, ó fi mí sílẹ̀.

Ìṣó ni, Bàbá. Wọ́n kàn án ní ìṣó.

Èmi ọmọ yín, tó pẹ́ kó tó dá yín lóhùn.