Ẹja Tí Kò Ṣeé Dín, Àti Àtàǹpàkò Bàbá Rẹ

Àkọ́bí mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọ, mo tún kí ọ. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ọ̀gá rẹ ti dín ariwo kù, ṣé ọkọ rẹ ń jẹun, ṣé àwọn ọmọ ò sọ ilé di pápá ìṣeré? Ilẹ̀ tí o bá tẹ̀ kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, àárẹ̀ kò ní mọ ojúlé rẹ, ẹni tó bá ń wá ìṣubú rẹ á wá a títí, ilẹ̀ á sì ṣú mọ́ ọn lọ́nà. Bí o bá ti ṣe àmín, wá àga jókòó. Mo lè sọ ọ̀rọ̀ yìí fún ọ lẹ́nu, àmọ́ wàá ní kí n tètè sọ kókó ibẹ̀, bẹ́ẹ̀ kókó gan-an ló kó bá wa nílé yìí.

Àpótí onígíláàsì tí o fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ dé láyọ̀, tòun tẹja. O ṣeun, àwọn ọmọ tìrẹ náà á ṣe é fún ọ. O ní kí wọ́n máa wo ẹja inú ẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn lè wálẹ̀. Ó wálẹ̀ lóòótọ́. Tèmi ló gòkè. Ṣé o mọ̀ pé àtìgbà tí ẹ̀yìn dídùn ti ní kí wọ́n fi iṣẹ́ káfíńtà sílẹ̀, kò sí ẹni tí wọn kì í bá jà, títí kan rédíò. Ní báyìí, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, iwájú ẹja ni. Wọ́n ti sọ àwọn ẹja náà lórúkọ. Èyí tó lẹ́nu kìǹbà ń jẹ́ Alága. Èyí tó ń lé gbogbo àwọn yòókù kiri, wọ́n ní orúkọ mi ló bá a mu. Mo wá béèrè jẹ́jẹ́ pé ìgbà wo ni wọ́n máa tó dín, bàbá rẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ di ìrọ̀lẹ́.

Irin kan wà nínú omi náà tó ń gbóná. Mo ní ṣé kì í ṣe pé à ń bọ àwọn ẹja yìí díẹ̀díẹ̀, wọ́n ní mi ò lajú. Ẹ̀rọ kan tún ń fẹ́ atẹ́gùn sí wọn tọ̀sán tòru, nígbà tí èmi ìyàwó ilé ń fi páálí fẹ́ ara mi. Ìwé tó bá ẹrù wá, èdè tí a kò gbọ́ ni, àmọ́ àwòrán wà níbẹ̀: ọwọ́ èèyàn nínú omi, ìlà pupa dábùú ẹ̀. Bàbá rẹ gbé awò ojú sí i, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní ìtumọ̀ ẹ̀ ni pé kí ẹnikẹ́ni má jí ẹja. Wọ́n wá yíjú wo èmi.

Bí omi bá ti dọ̀tí, bàbá rẹ á ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ dé ìgúnpá, wọ́n á máa fi èékánná ha gíláàsì. Ìṣó sì ti ya wọ́n ní àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún, ojú ọgbẹ́ kò tíì jinná. Bí wọ́n bá fẹ́ da omi, wọ́n á fi ẹnu fa rọ́bà, bí awakọ̀ tó ń fa epo. Bí wọ́n bá gbé díẹ̀ mì, wọ́n á ní omi náà ni. Òkúta wẹ́wẹ́ inú ẹ̀ ńkọ́? Ike tí mo fi ń fọ abọ́ oúnjẹ ni wọ́n ń ṣàn án sí! Kò pẹ́ tí inú mi fi ṣí. Mo lọ, mo bọ̀, mo lọ, mo bọ̀, débi pé mi ò ti ilẹ̀kùn mọ́. Bàbá rẹ ní ọ̀kánjúwà ni.

Ìgbà tó yá, nǹkan pupa kan lé sí àtàǹpàkò wọn. Ó di kókó. Òmíràn lé sí ọrùn ọwọ́, òmíràn tún tẹ̀ lé e lọ sókè, wọ́n tò lọ bí ẹni tó ń gun àkàbà. Oníkẹ́míìsì ní kòkòrò ló jẹ wọ́n, ó fún wọn ní ìpara, gbogbo ohun tí ìpara náà ṣe kò ju pé ó jẹ́ kí kókó máa dán. Nígbà tó yá, àtàǹpàkò kò ṣeé tẹ̀ mọ́. Bàbá rẹ, tó kan gbogbo ilẹ̀kùn ilé yìí, kò lè de bọ́tìnnì ara wọn. Èmi ni mò ń bá wọn de é. Wọ́n á gbójú sókè bíi pé wọ́n ń ka igi àjà. Ọmọ mi, mi ò rẹ́rìn-ín níbẹ̀ yẹn o.

Mo wọ́ wọn lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ibẹ̀ kéré sí ọ, ọmọbìnrin dúdú kan tó rọra ń sọ̀rọ̀. Ó béèrè bóyá ẹ̀gún gún wọn, wọ́n ní rárá. Ó béèrè bóyá iṣẹ́ ẹja ni wọ́n ń ṣe. Bàbá rẹ bínú, wọ́n ní káfíńtà ni àwọn, ṣé ó rí igbá ẹja lórí àwọn ni? Ó ní ó dáa, òun máa gé ẹran díẹ̀ níbi kókó náà, wọ́n á gbìn ín ní yàrá àyẹ̀wò kí wọ́n lè mọ ohun tó máa hù, àmọ́ ó máa pẹ́ díẹ̀. Bàbá rẹ bi í pé ṣé àtàǹpàkò mìíràn ló máa hù, nítorí bó bá jẹ́ òun ni, kí wọ́n má gbìn ín ní ìdojúdé. Èmi ní tèmi béèrè ẹni tó máa máa bomi rin ín. Dókítà gbójú sókè wo àjà.

Àfi bó ṣe sọ̀rọ̀ tí ẹ̀rín kúrò nílẹ̀. Ó ní kí wọ́n dá bàbá dúró síbẹ̀, nítorí bí nǹkan yìí bá wọ eegun, wọ́n lè ní láti gé ìka náà. Bàbá rẹ ní àwọn ò lè dúró, ta ló máa bọ́ àwọn ọmọ àwọn? Dókítà ní, Bàbá, ṣé ẹ ṣì lọ́mọ kékeré nílé ni? Wọ́n ní wọn ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, pé Alága kì í sì í jẹun bí kò bá gbóhùn àwọn. Ọmọ ọlọ́mọ nawọ́ síwájú orí wọn láti mọ̀ bóyá ibà ti wọ ọpọlọ. Mo ní, ẹ jọ̀ọ́, dókítà, àwọn tó wà nínú omi ni wọ́n ń wí.

Ó gbé báírò sílẹ̀. Ó ní omi wo? Mo tú gbogbo ẹ̀ fún un: ọgbẹ́, èékánná, rọ́bà, ike abọ́ mi. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú ẹ̀, ó wá mójú le. Ó ní kòkòrò kan tí ojú ò lè rí máa ń gbé inú irú omi ẹja bẹ́ẹ̀, kì í yọ ẹni tí awọ ara rẹ̀ pé lẹ́nu, àmọ́ bó bá rí ọgbẹ́, ilẹ̀kùn ló rí yẹn. Kì í kánjú, á kàn máa jẹ ẹni lọ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Ó ní ìdọ̀tí ẹja tó wọ ike abọ́ sì lè jẹ́ ohun tó ṣí mi nínú. Mo yíjú sí bàbá rẹ, mo ní ọ̀kánjúwà dà?

Ó gbà kí wọ́n máa ti ilé wá; oògùn olóṣù gbọọrọ ni ó fún wọn, oríṣi méjì, ó ní wọn ò gbọdọ̀ fo ọjọ́ kan. Ẹran tí wọ́n gbìn náà hù, kòkòrò yẹn gan-an ni. Ó dun bàbá rẹ pé kì í ṣe ìka. Àmọ́ kókó ti ń lọ sílẹ̀, wọn ò sì gé nǹkan kan. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá wọn nínú yàrá, wọ́n de bọ́tìnnì tán, wọ́n tú u, wọ́n tún un dè. Mo díbọ́n pé abẹ́rẹ́ ni mò ń wá nílẹ̀.

Wọn ò gbà kí a kó ẹja lọ o. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà tó dé abíyá ni wọ́n ń wọ̀ báyìí, bí ẹni tó fẹ́ gbẹ̀bí màlúù, wọ́n á sì yọ gbogbo wáyà iná kí wọ́n tó fọwọ́ kan omi. Nítorí náà, fi owó oògùn ránṣẹ́, kí o fi ti ike tuntun lé e. Èmi ni kí o fi ránṣẹ́ sí, bó bá dọ́wọ́ bàbá rẹ, oúnjẹ Alága ni. Ẹ̀rọ ara ògiri báńkì ti mọ̀ mí: lọ́jọ́sí, ó bi mí bóyá mo tún fẹ́ nǹkan mìíràn, mo ní rárá, mo dúpẹ́, mo kí ará ilé ẹ̀.

Bàbá rẹ kí ọ. Ó ku ọ̀rọ̀ kan. O sọ fún mi pé àpótí ẹja tìẹ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn tóbi ju tiwa lọ, pé ìwọ fúnra rẹ lò ń fọ̀ ọ́. Mo mọ̀ ọ́, láti kékeré ni ọ̀bẹ kì í ti í fi ọwọ́ rẹ sílẹ̀ láìgé e. Bí o bá tún pè mí lórí fóònù tó ń fi èèyàn hàn, má wulẹ̀ gbé ojú wá, èmi ni mo bí ojú yẹn, mo mọ̀ ọ́n. Ọwọ́ ni kí o gbé síbẹ̀, iwájú àti ẹ̀yìn, kí n yẹ ìka wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ohun tí o bá dì mú kò ní jábọ́. Ọwọ́ rẹ kò ní kan ìjàngbọ̀n nínú omi, kò ní kàn án nílẹ̀. Lọ́jọ́ tí èmi àti bàbá rẹ bá gbó tán, tí a tọ́ tán, ọwọ́ rẹ méjèèjì, tòun ti ìka mẹ́wàá, ni wàá fi sin wá.

Èmi ni, ìyá rẹ.