Ohùn Rẹ Nínú Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé

Ọ̀rẹ́ mi àtijọ́,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Orúnkún rẹ ńkọ́, ṣé ó ti ń gbà ọ́ láyè láti gun àtẹ̀gùn? Ara tèmi le, a dúpẹ́. Inú mi ni kò dùn, ìwọ lo sì fà á.

Lọ́jọ́ Sátidé, ọmọ ọmọ mi obìnrin fà mí lọ sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí wọ́n kó àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ sí. Àwọn ọmọdé ń wa kẹ̀kẹ́ tó ń tan iná, wọ́n ń tẹ èyí, wọ́n ń fa tọ̀hún. A dé yàrá kejì, mo bá rí ẹ̀rọ ìrànwú wa gan-an láti ilé iṣẹ́ òwú, nọ́ńbà kẹrìnlá, tó ń dán bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e dé. Mo bú sẹ́rìn-ín. Mo ní, “Ẹni tó jẹ orí ìka mi rèé!”

Ìbòrí tí mo ṣe sí eyín rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, agolo mílíìkì àti wáyà. Àwòrán rẹ ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọmọ náà tẹ bọ́tìnnì, ohùn rẹ sì jáde. O ní ìwọ lo dá ìbòrí náà rò. O sọ bí ẹ̀jẹ̀ rẹ ṣe ta sórí òwú funfun, bí fọ́rómànù, ọ̀gá tó ń ṣọ́ wa, ṣe ní kí o kọ́kọ́ nù ún kí òwú má bàa bàjẹ́. Ọ̀rọ̀ tí mo sunkún sọ fún ọ lórí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ni! Ìka tìrẹ, mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló pé.

Ọmọ náà yíjú sí mi: “Màmá àgbà, ṣebí ìtàn tí ẹ máa ń sọ fún wa nìyí? Ta ló wá ń parọ́ nínú ẹ̀yin méjèèjì?”

Ká ní ọ̀tá mi ló ṣe é, ǹ bá bú u, kí n gbàgbé. Ṣùgbọ́n ìwọ lo ń wẹ̀ mí nígbà tí mi ò lè di ọṣẹ mú. Ṣé o rò pé mo ti kú ni?

Mi ò pariwo. Mo lọ bá obìnrin tó ń mú àlejò káàkiri, mo na ọwọ́ mi sí i, mo sì ṣàlàyé ìdí tí mo fi tẹ etí agolo náà síwájú: kí epo má bàa ta sí òwú. Ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ rẹ, torí o ò mọ̀ ọ́n. Ó kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ní kí n wá gba ohùn tèmi sílẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀.

Kí Ọlọ́run fún ọ ní ìlera, kí ó sì fún ọ láyà láti sọ òtítọ́.

Èmi tí a jọ dúró ti ẹ̀rọ kan fún ọdún mọ́kànlá,
Ọ̀rẹ́ rẹ.

Àfikún: Obìnrin náà bi mí bóyá kí àwọn pa ohùn rẹ rẹ́. Mo ní kí wọ́n ṣì dúró ná. Ìwọ fúnra rẹ ni mo fẹ́ kó wá pa á rẹ́, lójú ọmọ ọmọ mi.