Wọ́n Mú Fóònù Mi Dójú Ìwọ̀n

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ láàárọ̀, mo kí ọ lọ́sàn-án, mo sì kí ọ nírọ̀lẹ́, nítorí mi ò mọ ìgbà tí lẹ́tà yìí máa tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́. Kí ó bá ọ lórí ìjókòó, kí ó bá ọ pẹ̀lú ara líle, kí ọ̀gá rẹ níbi iṣẹ́ máa fi ojú rere wò ọ́, kí ẹsẹ̀ rẹ má sì kọ lójú títì tí ẹ ti ń sáré kiri níbẹ̀ yẹn. Èmi náà wà dáadáa. Orúnkún mi ọ̀tún ṣì ń dùn mí tí mo bá ti tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ pẹ́, ti òsì ò dùn mí, nítorí náà mi ò lè sọ pé orúnkún ń dùn mí, ààbọ̀ rẹ̀ ni.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò fi pè. Mo pè ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta, o ní o wà nípàdé, o ó pè mí padà, mi ò bínú, iṣẹ́ ni. Ṣùgbọ́n ká tiẹ̀ sọ pé àyè wà fún ọ, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí mo lè sọ lórí fóònù, nítorí fóònù náà gan-an ni mo fẹ́ fẹjọ́ rẹ̀ sùn, kò sì yẹ kí ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo bá ń sọ ọ́. Bí mo ṣe ń kọ ìwé yìí, mo ti gbé e sínú àpótí tí mo ń kó bọ́tìnnì sí, mo dojú rẹ̀ bolẹ̀, mo sì pa àpótí náà dé.

Ká kọ́kọ́ sọ ti ilé. Òrùlé ò jò mọ́ ní yàrá rẹ, ó ti sún síwájú, yàrá ìgbàlejò ló ń jò sí báyìí. Àǹtí rẹ, àbúrò mi, ti gba awò ojú, ó wá tipa bẹ́ẹ̀ rí bí ilé mi ṣe dọ̀tí tó, kò sì yé sọ ọ́ láti ìgbà náà. Káfíńtà tó wà lódìkejì ilé wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ó-di-ọ̀la, ò tíì kan fèrèsé ilé ìdáná. Oṣù keje rèé. Tí mo bá ti yọjú sí i, á ní bàbá, ẹ má bínú, ó di ọ̀la. Mo ti fi páálí dí i. Oníbàárà ò pọ̀, ẹni tó bá wá, síìpù ló fẹ́ tún ṣe. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ra aṣọ tí wọ́n ti rán tán, ara wọn ni wọ́n wá ń tún ṣe kí ó lè bá aṣọ náà mu.

Ẹjọ́ náà nìyí o. O rántí pé nígbà tí o fún mi ní fóònù yìí, o yí i sí èdè Yorùbá fún mi, o sì fi pọ́díkáàsì, ètò bíi ti rédíò tí o máa ń ṣe, hàn mí, èyí tí o ti ń fọ̀rọ̀ wá àwọn àgbà òṣìṣẹ́ lẹ́nu wò, títí kan ìyá rẹ nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì ní ilé ìfìwéránṣẹ́. O kọ́ mi ní ọ̀nà tí mo máa gbà débẹ̀, mo sì kọ ọ́ sẹ́yìn ìwé ìwọ̀n mi: tẹ àmì aláwọ̀ àlùkò, sọ̀ kalẹ̀ sí ibi tí wọ́n kọ Èyí Tí O Ti Gbà Sílẹ̀ sí, ìyá rẹ ni ẹnìkẹta látòkè, lẹ́yìn ẹni tó ń hun agbọ̀n àti ẹni tó ń tún aago ṣe. Ojoojúmọ́ ni mò ń rin ọ̀nà yẹn láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Mi ò sọ fún ọ rí. Láti ìgbà tí a ti sin ín, ọdún kan àti oṣù mẹ́rin, mi ò tíì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ni ó fi sọ̀rọ̀. Mo mọ ibi tó ti ń rẹ́rìn-ín, mo mọ ibi tó ti ní kí o dúró kí òun mu omi. Ní ìṣẹ́jú kejìdínlógún, ó ń sọ bí a ṣe pàdé, pé òun gbé yunifọ́ọ̀mù lọ fún télọ̀ kan, télọ̀ náà sì rán àpò rẹ̀ kéré débi pé kò gba òǹtẹ̀ iṣẹ́ òun, ni òun bá ń gbé e padà lọ, ó di ẹ̀ẹ̀mẹta, ó ní télọ̀ náà ò tíì mọṣẹ́ nígbà yẹn. Irọ́ ni. Mo mọṣẹ́. Mo mọ̀ọ́mọ̀ rán an kéré ni, kí ó lè padà wá. Gbogbo ọdún tí a fi gbé pọ̀ ni mo fi ń sọ ọ́ fún un, kò gbà, ó wá lọ sọ tirẹ̀ fún gbogbo ayé. Nítorí náà, tí ó bá ti dé ibẹ̀ lójoojúmọ́, mo máa ń gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ẹ̀rọ, mo máa ń dá a lóhùn, mo máa ń la gbogbo rẹ̀ yé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Àríyànjiyàn náà ń lọ dáadáa. Ó kù díẹ̀ kí n borí.

Bí oṣù méjì sẹ́yìn, fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ìmúdójúìwọ̀n ti wà. Ọ̀rọ̀ náà kò ṣàjèjì sí mi, ìwọ̀n ni iṣẹ́ mi, mo wá ń retí ẹni tó máa wá wọ̀n ọ́n. Mo tiẹ̀ fi téèpù wọn fóònù náà fúnra mi sílẹ̀ kí wọ́n má bàa rẹ́ mi jẹ: íǹṣì mẹ́fà lóròó, íǹṣì mẹ́ta dín díẹ̀ níbùú, mo kọ ọ́ sínú ìwé. Ojoojúmọ́ ni fóònù ń bi mí bóyá kí òun ṣe é báyìí tàbí kí òun rán mi létí lọ́la, mo sì ń tẹ Lọ́la, nítorí ẹni tó máa wọ̀n ọ́n kò tíì dé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà láìjà láìta títí di ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan tí Ó-di-ọ̀la wá tọrọ òwú lọ́wọ́ mi. Ó rí i lójú fóònù, ó ní bàbá, kí lẹ wá ń dúró dè, ó sì tẹ Ṣe É Báyìí kí n tó la ẹnu. Ọkùnrin tí fèrèsé mi wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti oṣù méje! Ọjọ́ kan ṣoṣo tí mo fẹ́ kó sọ pé ó di ọ̀la, ọjọ́ yẹn ni ara rẹ̀ yá.

Fóònù náà kú fún bí ogún ìṣẹ́jú, lẹ́yìn náà ó jí. Nígbà tó jí, kò mọ̀ mí mọ́. Ó ní káàbọ̀, bí ẹni pé èmi ni mo lọ síbì kan. Àmì aláwọ̀ àlùkò ti di aláwọ̀ ọsàn. Ibi tí wọ́n kọ Èyí Tí O Ti Gbà Sílẹ̀ sí kò sí mọ́. Ẹni tó ń hun agbọ̀n ti lọ, ẹni tó ń tún aago ṣe ti lọ, ìyá rẹ ti lọ, àwọn àjèjì ló jókòó síbẹ̀. Ọ̀dọ́kùnrin kan ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń jí láàárọ̀, èmi tí mo ti ń jí láti ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin láìsí olùkọ́. Wọ́n wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé àwọn ti kó ètò mi lọ sí Ilé-ìkàwé, àti pé èyí tí mo bá ti gbọ́ tán, àwọn á máa yọ ọ́ kúrò kí ààyè lè gbà.

Èyí ló dùn mí jù. Ta ló sọ fún wọn pé mo ti gbọ́ ọ tán? Ààyè wo sì ni? Ohùn ìyá rẹ wà nínú fóònù yẹn fún gbogbo ìgbà yìí, mò ń gbé e dání, kò wúwo sí i, mo fi téèpù wọ̀n ọ́n, kò wú. Èmi tí mo ń wọn èèyàn, tí ìwọ̀n tuntun bá dé, ìsàlẹ̀ ti àtijọ́ ni mo ń kọ ọ́ sí. Awakọ̀ kan wà tí ìbàdí rẹ̀ ti yí padà lẹ́ẹ̀mẹrin nínú ìwé mi, èyí tó ní nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́ ṣì wà lókè níbẹ̀. Ó máa ń yà wá wò ó.

Mo wọ aṣọ, mo lọ sí ilé-ìkàwé. Èyí tó wà nílé ìwé girama nìkan la ní, nítorí náà kò lè jẹ́ ibòmíràn. Yàrá kan ni, pẹpẹ ìwé mẹ́rin, tábìlì gígùn kan, àti fáànù tó ń fẹ́ sí apá ibi tí kò séèyàn. Mo kí obìnrin tó ń tọ́jú ibẹ̀, mo ní mo wá gba ohùn ìyàwó mi tí wọ́n kó wá síbẹ̀ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Ó ní kí n jókòó. Ó ṣí ìwé ńlá tó ń kọ ohun tó bá wọlé sí, ó fi ìka wá ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ní máàpù ńlá méjì péré ló wọlé lọ́jọ́ yẹn. Èmi náà wò ó, òótọ́ ló sọ.

Lẹ́yìn náà ló ní kí n gbé fóònù wá. Kò fi mí rẹ́rìn-ín, mo kíyè sí i. Ó tẹ ìhín, ó tẹ ọ̀hún, ó ní Ilé-ìkàwé tí wọ́n ń sọ, inú fóònù ló wà. Mo bi í pé ta ló ń tọ́jú ibẹ̀. Ó ní kò séèyàn. Mo ní ẹ ò rí nǹkan báyìí. Ó bá mi wá ètò rẹ rí, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí n Tẹ̀lé e kí n tó gbọ́ nǹkan kan. Tẹ́lẹ̀, Forúkọsílẹ̀ ni wọ́n ń pè é, mo sì ti forúkọ sílẹ̀, wọ́n ti gba orúkọ mi tán, wọ́n wá ní kí n máa tẹ̀lé àwọn, wọn ò sì sọ ibi tí wọ́n ń lọ. Mo gbà. Wọ́n ní kí n kọ ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Obìnrin náà yíjú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan kó má bàa rí i. Mo kọ ọ́ pé Àgò onílé o. Wọ́n ní kò rí bẹ́ẹ̀. Mo rò pé bóyá mi ò bọ̀wọ̀ tó, mo wá kọ ọ́ pé Ẹ jọ̀wọ́, àgò onílé o. Wọ́n ní ó ku ẹ̀ẹ̀kan péré kí àwọn tìlẹ̀kùn. Ilé tí èèyàn ń kágò sí tí wọ́n ń halẹ̀ mọ́ ọn, mi ò mọ irú àwọn tó ń gbé ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin náà, mo jáde.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún fóònù ṣe nítòsí ibùdókọ̀. Ó gbé awò kékeré sójú kan, ó wò ó títí, ó ní kí n fọkàn balẹ̀, pé ohùn ìyàwó mi wà nínú àwọsánmà. Mo sọ fún un pé ohun tí wọ́n sọ fún mi níbi ìsìnkú náà nìyẹn, mo mọ̀ pé ibẹ̀ ló wà, bí mo ṣe máa gbọ́ ọ láti ìhín ni mo bá wá. Ó yọ awò náà kúrò lójú. Ó ní kí n má san nǹkan kan, ó sì dá fóònù mi padà.

Èyí tó ṣẹ́kù sí mi lọ́wọ́ báyìí ni ìṣẹ́jú kan. Wọ́n ní ìtọ́wò ni, ìyẹn ò gba ọ̀rọ̀ ìgbaniwọlé. Ìwọ lo ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, o ń kí àwọn èèyàn káàbọ̀, o ń rẹ́rìn-ín, o ní ẹni tó wà lọ́dọ̀ rẹ lónìí, inú rẹ̀ lo ti jáde wá. Ìyá rẹ wúkọ́ díẹ̀, bó ṣe máa ń ṣe tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀, ó sì tán. Mo máa ń gbọ́ ọ láago mẹ́rin. Tó bá ti wúkọ́ báyẹn, mo máa ń dúró. Nǹkan kan tí mo kíyè sí ni pé mi ò tíì gbọ́ kí o rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ tí a ti sin ín. Tẹ́lẹ̀, mi ò fetí sí apá tìrẹ, mo máa ń fò ó kọjá kí n lè tètè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Má bínú sí mi.

Ìbéèrè tí mo torí ẹ̀ kọ lẹ́tà yìí, kan ṣoṣo ni. Ṣé o ṣì ní i? Èyí tí o kọ́kọ́ gbà sílẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, ṣé ó wà níbì kan nílé rẹ tí ẹnikẹ́ni ò lè mú dójú ìwọ̀n? Mi ò tíì bi ọ́ títí di òní nítorí ẹ̀rù ìdáhùn ń bà mí. Tó bá jẹ́ pé ìwọ náà ti tẹ Ṣe É Báyìí, sọ fún mi, mi ò ní bínú, á kàn dùn mí ni. Àárò rẹ̀ ń sọ mí gan-an. Àárò tìrẹ náà ń sọ mí, ìwọ sì wà láyé, kò yẹ kó le tó bẹ́ẹ̀.

Tó bá wà, gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì fún mi. Rédíò wa àtijọ́ tó ń gbé kásẹ́ẹ̀tì ṣì wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù, mo ti nù ún, kò ní kí n tẹ̀lé òun rí. Bátìrì ńlá mẹ́rin ló ń gbé, nítorí náà fi owó bátìrì ránṣẹ́, fi ti òwú dúdú kún un, kí o sì fi ohun tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn sí i fún fèrèsé, bóyá tí Ó-di-ọ̀la bá fojú kan owó, ọ̀la á dé. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù o, mi ò mọ ibi tí wọ́n máa kó o lọ. Ṣùgbọ́n tó o bá lè mú kásẹ́ẹ̀tì náà wá fúnra rẹ, mú un wá, ká jọ gbọ́ ọ, kí o sì wá dájọ́ ọ̀rọ̀ àpò yẹn láàárín wa. Mo ti fọ aṣọ orí ibùsùn rẹ, mo ti sá a.

Ọlọ́run má jẹ́ kí ohun tí o fẹ́ràn bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́. Kí iṣẹ́ rẹ máa yọrí, kí àwọn tí o bá ń tẹ̀lé mọ ibi tí wọ́n ń lọ, kí ilẹ̀kùn tí o bá kágò sí ṣí fún ọ lẹ́ẹ̀kan. Wàá dàgbà, wàá dogbó, ara rẹ á sì máa le.

Àwa ni,
Bàbá rẹ àti ìyá rẹ.

Ọwọ́ mi ló kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ kí n tó mọ̀, nítorí bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń parí lẹ́tà sí ọ láti ìgbà tí o ti kúrò nílé lọ kàwé. Pẹ́ńsùlù ni mo fi kọ ọ́, rọ́bà sì wà níwájú mi. Mo mú un, mo tún gbé e sílẹ̀. Jẹ́ kó wà níbẹ̀.