Adìyẹ Eyínfúnjowó

Agboolé Ìmáàmù,
Ẹ̀rúnmu, Ìbàdàn.
Ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kọkànlá, 2024.

Fàdìlàt, ọmọ mi àtàtà,

Àsàlámù àlàékún. Ṣé dáadáa ni ẹ wà lọ́hùn-ún, ìwọ àti ọkọ rẹ? Ṣé òtútù ìlú Òyìnbó kò fìyà jẹ yín? Àwa náà wà láyé, a dúpẹ́. Ara bàbá yín le, eékún tèmi nìkan ló ń dún bí ilẹ̀kùn tí kò rí òróró. O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́ lórí fóònù. Mo gbìyànjú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, mo gé e kí o tó gbé e, ni mo bá mú bírò. Mahfuz àbúrò rẹ ni yóò ya ìwé yìí ní fọ́tò ránṣẹ́ sí ọ.

Ọ̀rọ̀ àbúrò bàbá yín ni mo fẹ́ sọ, Eyínfúnjowó mi. Oṣù keje rèé tó já bọ́ láti orí òrùlé mọ́sálásí níbi tó ti ń ṣe wáyà fáànù, tó forí sọ kọnkéré. O mọ̀ pé ojú rẹ̀ ń là, ó ń pa dé, ó ń yán, ó ń sín, ṣùgbọ́n kò mọ ẹni tó wọlé, kò mọ ẹni tó jáde. Àwọn ará ilé ní ó ti jí. Dókítà ní ojú ló là, inú kò tíì jí.

Nígbà tí o fi ìròyìn ìtọ́jú tuntun yẹn ránṣẹ́, pé wọ́n ń fi iná díẹ̀ ta ọpọlọ jí láìla orí ẹni, mo jó nínú ilé. Ìwọ náà lo bá wa kọ̀wé sí Dókítà Ọlọ́runyọmí, obìnrin tó ń ṣe ìwádìí rẹ̀ ní ọsibítù kan n'Ìbàdàn. Mo ti rò pé ẹ̀rọ ńlá ni màá bá níbẹ̀. Àpótí kékeré bíi rédíò bàbá yín ni. Wọ́n á rẹ fóòmù pelebe méjì sínú omi iyọ̀, wọ́n á fi ọ̀kan sí iwájú orí lápá òsì, ọ̀kan sókè ojú ọ̀tún, wọ́n á fi bẹ́líìtì rọ́bà dì í, ogún ìṣẹ́jú lójúmọ́, fún ogún ọjọ́. Iná tó ń kọjá nínú rẹ̀ kò lè tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó fi iná sílé gbogbo Ẹ̀rúnmu, iná tí kò tó ti tọ́ọ̀ṣì la wá ń bẹ̀ kó jí i. Dókítà kò tàn mí. Ó ní àwọn tí òye díẹ̀ ṣì kù nínú wọn ló máa ń ràn lọ́wọ́, àwọn náà kì í sì í ṣe gbogbo wọn, pé irú tiwa yìí, ó ṣọ̀wọ́n. Mo gbọ́ "ó ṣọ̀wọ́n," mi ò gbọ́ "kò sí."

Bí wọ́n bá ti yọ bẹ́líìtì, wọ́n á gbé dígí síwájú ojú rẹ̀, wọ́n á máa gbé e lọ sọ́tùn-ún sósì, kí wọ́n wò ó bóyá ojú rẹ̀ á bá a lọ. Lẹ́yìn náà, dókítà á ní, "Màmá, ẹ pe orúkọ rẹ̀." Orúkọ rẹ̀ kẹ̀! O mọ̀ pé ìyàwó kì í pe orúkọ ọmọ tó bá nílé ọkọ, ìbáà jẹ́ ọmọ ọwọ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí wọ́n gbé mi wọlé, eyín rẹ̀ funfun báláú, mo sọ ọ́ ní Eyínfúnjowó. Ó fẹ́ràn orúkọ náà, àmọ́ alárékérekè ọmọ ni. Ó ní, "Ìyàwó, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣèèṣì pe orúkọ mi, adìyẹ kan ni màá gbà." Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi dẹ pàkúté fún mi. Ó gbé ìwé èsì ìdánwò wá pé kí n bá òun ka ohun tó wà lókè rẹ̀, mo ní Eyínfúnjowó ló wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó rẹ̀ gan-an, ó yọjú láàárín èrò, ó bi mí pé ta lọkọ ìyàwó. Kò rí adìyẹ náà gbà.

Nítorí náà, Eyínfúnjowó ni mo ń pè lójoojúmọ́. Dókítà rẹ́rìn-ín, ọmọ Yorùbá ni òun náà. Ó ní orúkọ tó bá ti mọ̀ ti tó. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, mo pè é, ojú rẹ̀ yí wá sọ́dọ̀ mi. Mo pariwo tó bẹ́ẹ̀ tí nọ́ọ̀sì fi sáré wọlé. Dókítà ní kí n tún pè é. Mo pè é nígbà mẹ́rin. Òrùlé ló ń wò. Dókítà rọra sọ fún mi pé ojú máa ń ṣáko lọ bẹ́ẹ̀, pé ohun tí kò bá ṣẹlẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, àwọn kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Èmi kọ ọ́ sọ́kàn ní tèmi.

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni Hasanat ìyàwó rẹ̀ kó ọmọ lọ sọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀ n'Ìjàyè. Má bú u. Ó ní òun kò lè máa sọ fún ọmọ pé bàbá rẹ̀ ń sùn mọ́, nígbà tí ojú bàbá là sílẹ̀. Bàbá yín kò bá a jà, ṣùgbọ́n láti ìgbà náà ni kò ti tẹ̀lé mi lọ sí ọsibítù mọ́.

Jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun kan fún ọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ fi orúkọ rẹ̀ gan-an pamọ́ ni. Mo sọ lọ́kàn mi pé bí gbogbo rẹ̀ bá kùnà, èyí kò ní kùnà: bó bá gbọ́ orúkọ rẹ̀ lẹ́nu mi, á dìde wá gba adìyẹ rẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí n kò bá tíì pè é, ó ṣì ku ohun kan tí a lè ṣe. Mo ra adìyẹ pupa kan, mo so ó mọ́ ẹ̀yìn ilé. Lọ́jọ́ tó pé ogún, nígbà tí wọ́n tú bẹ́líìtì náà fún ìgbà ìkẹyìn, mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, nítorí ọmọ ilé ọkọ mi ni síbẹ̀síbẹ̀. Mo gbẹ́nu sétí rẹ̀, mo ní, "Roheem." Mo ní, "Roheem, mo ti pè é o. Ẹ wá gba adìyẹ yín."

Ó yán. Ó pa ojú dé, ó là á. Òrùlé ló ń wò, Fàdìlàt.

Wọ́n ní a kì í dákẹ́ ká ṣìwí. Èmi dákẹ́, mo sì ṣìwí. Mo bi dókítà pé ká ní mo pè é lọ́jọ́ kìíní ńkọ́? Ó di ọwọ́ mi mú, ó ní kì í ṣe ẹ̀bi mi, pé ibi tó yẹ kó gbọ́ orúkọ nínú ọpọlọ ló ti bàjẹ́. Mo gbà á gbọ́ nígbà tó ń sọ ọ́. Nígbà tí mo wọ mọ́tò, mi ò gbà á gbọ́ mọ́.

Ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ la ó gbé e wálé. Wọ́n ti kọ́ mi bí mo ṣe máa gba inú rọ́bà imú fún un lóúnjẹ, àti bí mo ṣe máa yí i padà ní wákàtí méjì méjì kí ara rẹ̀ má baà bó. Jọ̀wọ́, má fi ìròyìn ẹ̀rọ mìíràn ránṣẹ́ sí mi. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló ń mú ọ ṣe é. Ìrètí gan-an ló ti rẹ̀ mí.

Ọlọ́run Ọba kò ní jẹ́ kí o pe ẹni tí kò ní dá ọ lóhùn. Yóò ṣọ́ ìwọ àti ọkọ rẹ, ẹsẹ̀ yín kò ní yọ̀ níbi gíga. Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń bọ̀ wálé, ẹ ó bá wa láyé. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tí àárò rẹ ń sọ,
Rùkáyátù.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: adìyẹ pupa náà ṣì wà ní síso lẹ́yìn ilé, ó ti yé ẹyin mẹ́ta. Láàárọ̀ yìí, bàbá yín bi mí pé adìyẹ ta ni. Kí n tó ronú, mo ti ní, "Ti Roheem ni." Tẹ́lẹ̀ rí, ì bá ti ké sí gbogbo agboolé pé ìyàwó ti ṣẹ̀. Ó kàn wò mí, ó bu àgbàdo, ó dà á fún un.