Ilẹ̀kùn Tí Bàbá Kàn

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ọ̀nà jíjìn. Ẹ̀yìn tó ń dùn yín ńkọ́? Ṣé Màmá ti ń rí oorun sùn? Ara mi le, orúnkún mi nìkan ló bó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó kí ẹ tó kà á síwájú, torí ọ̀rọ̀ yìí kò ní dùn mọ́ yín.

Látìgbà tí Màmá ti sọ pé àwọn olè tún ń yìnbọn kiri àdúgbò, pé ẹ̀yin méjèèjì sì dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi mọ́, ọkàn mi kò balẹ̀. Ẹ̀rù ń bà mí, Bàbá. Mo fẹ́ ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ilẹ̀kùn náà lórí fóònù, ẹ ní kí n má kọ́ yín níṣẹ́ yín, ẹ sì pa á mọ́ mi létí.

Ẹ rántí bí ẹ ṣe ń kọ́ wa ní kékeré. Ẹ ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, gbogbo wa á sáré sẹ́yìn ilẹ̀kùn tí ẹ kàn, Màmá níwájú, àwa ọmọ lẹ́yìn wọn, a ó máa rẹ́rìn-ín sínú aṣọ wọn. Ẹ ó fi ìkúùkù gbá igi náà, ẹ ó ní, “Kò sóhun tó lè gba ibí kọjá.” Mo gbà yín gbọ́ títí di ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Ọ̀gá tó ń kọ́ àwa ọlọ́pàá tuntun ní ìbọn yíyìn, Má-Yọrí là ń pè é, torí ohun tó ń pariwo láàárọ̀ dalẹ́ nìyẹn. A ó kúnlẹ̀, a ó dojú bolẹ̀, a ó yọjú láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, kì í ṣe láti òkè. Lọ́jọ́ ìdánwò, bí mo ṣe gbọ́ ìró ìbọn àkọ́kọ́, ẹ̀yìn ilẹ̀kùn onígi kan tó wà níbẹ̀ ni ẹsẹ̀ gbé mi lọ. Ògiri bíríkì wà lápá òsì mi o! Ọ̀gá fọn fèrè. Ó ní, “O ti kú. Ta ló kọ́ ẹ nírú èyí?” N kò lè sọ pé ẹ̀yin ni.

Mo bá a jiyàn, mo ní ọmọ káfíńtà ni mí, mo mọ igi. Kò bínú. Ó gbé ilẹ̀kùn kan tó nípọn bíi tiyín lọ sí pápá, ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi sẹ́yìn rẹ̀, ó yìnbọn sí i lẹ́ẹ̀kan. Ilẹ̀kùn náà kò mì. Ihò bíńtín ló wà lára rẹ̀. Mo ti fẹ́ fi Ọ̀gá ṣe yẹ̀yẹ́ kí n tó gbọ́ ìró omi. Omi ń tú níwájú bọ́kẹ́ẹ̀tì náà, ó ń tú lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tí Màmá máa ń dúró sí nìyẹn. Mo sunkún lójú gbogbo wọn.

Wọ́n fún mi láàyè kan ṣoṣo sí i lánàá. Ẹ̀yìn ògiri ni mo sá sí, mo kúnlẹ̀, mo yọjú láti ẹ̀gbẹ́. Mo yege.

Ilẹ̀kùn yín dára, Bàbá, kò sí káfíńtà tó lè kan irú rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò lè dá ọta ìbọn dúró. Bí ẹ bá tún gbọ́ ìró, ẹ mú Màmá sẹ́yìn ògiri ilé ìwẹ̀, kí wọ́n dùbúlẹ̀. Kí ẹ̀yin náà dùbúlẹ̀, ẹ má dúró ṣe ọkùnrin. Ẹ pàtẹ́wọ́, kí ẹ fi dánra wò lẹ́ẹ̀mẹ́ta lónìí, bí ẹ ti ń ṣe fún wa.

Kí Ọlọ́run má jẹ́ kí ẹ nílò rẹ̀ láé. Ẹ̀yin méjèèjì ni ẹ ó jọ ṣílẹ̀kùn fún mi nígbà tí mo bá délé.

Èmi ni ọmọbìnrin yín,
alágídí bíi yín.

Àfikún: Ọ̀gá gé ibi tó ní ihò lára ilẹ̀kùn náà fún mi. Òun ló wà nínú páálí tó bá lẹ́tà yìí wá. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò fúnra yín, ẹ̀yin tí ẹ mọ igi. Lẹ́yìn náà kí ẹ ki ìka yín bọ ihò náà, kí ẹ jẹ́ kí Màmá ki tiwọn bọ̀ ọ́ láti òdìkejì.