Ọwọ́ Pẹ́lẹ́ńgẹ́

Ajé, 4 oṣù kẹta
Mo tún bẹ̀rẹ̀. Ìdánwò eegun ni mo fìdí rẹmi nínú rẹ̀ lọ́dún tó kọjá. Bí mo bá tún fìdí rẹmi, ilé ni. Ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì wa kì í gba ẹnì kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì ni mí, aṣọ rírán fún ogún ọdún, àwọn ọmọ tí mo lè bí ló yí mi ká. Màmá ni wọ́n ń pè mí. Mo ń dáhùn.

Igba eegun ó lé mẹ́fà ló wà lára àgbàlagbà. Ti ọmọ ọwọ́ pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bó ṣe ń dàgbà ni àwọn kan ń lẹ̀ mọ́ra. Mo tọ́ ọmọ mẹ́ta, n kò mọ̀.

Ọjọ́rú, 6 oṣù kẹta
Pẹ́lẹ́ńgẹ́ já bọ́ láti orí ìkọ́. (Orúkọ tí mo sọ odidi eegun ènìyàn tó dúró ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ nìyẹn. Kò sí ẹni tó tún tín-ín-rín jù ú lọ.) Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì já láti ọrùn-ọwọ́. Baba Kọ́kọ́rọ́ tó ń tọ́jú yàrá náà kò ríran dáadáa mọ́, oṣù méjì ló sì kù kó fẹ̀yìntì. Ó ní, "Ìyá Aránṣọ, bá mi fi wáyà so ó. Má jẹ́ kí Olùkọ́ gbọ́ o." Akẹ́kọ̀ọ́ kò gbọdọ̀ tú Pẹ́lẹ́ńgẹ́, kò sì gbọdọ̀ so ó.

Mo fi ọwọ́ eegun wé ọwọ́ tèmi kí n lè mọ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Mo dúró níwájú rẹ̀, mo so ọ̀tún sí apá ọ̀tún, òsì sí apá òsì. Ogún ìṣẹ́jú. Iṣẹ́ mọ́. Baba ní kí n máa wá kàwé níbẹ̀ nígbà ìsinmi ọ̀sán.

Ẹtì, 8 oṣù kẹta
Kò-sinmi bá mi wá. Òun ló ń jókòó tì mí ní kíláàsì — ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í yé gbọ̀n. A jọ ka eegun ọrùn-ọwọ́: mẹ́jọ. Ojú ni òun fi ń mọ̀ wọ́n. Èmi, ọwọ́.

Ìṣẹ́gun, 12 oṣù kẹta
Olùkọ́ kọ́ wa ní bí a ṣe ń dárúkọ ibi lára ènìyàn. Dúró ṣánṣán. Kọjú síwájú. Yí àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Inú ìdúró yìí ni gbogbo orúkọ ti ń wá: òkè, ìsàlẹ̀, èyí tó súnmọ́ àárín ara, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó ní ọ̀tún tí a ń wí, ọ̀tún ẹni tó ni ara ni, kì í ṣe ọ̀tún ẹni tó ń wò ó.

Gbogbo wa dìde dúró bẹ́ẹ̀, àwa ogójì. Mo wo ọwọ́ mi. Àtàǹpàkò ń tọ́ka síta. Mo wo Pẹ́lẹ́ńgẹ́. Àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ kọjú síwájú, ṣùgbọ́n àtàǹpàkò méjèèjì ń tọ́ka sí itan.

Ọ̀tún tèmi ni mo tẹ̀ lé. Ọ̀tún rẹ̀ wà lápá òsì. Ní ogún ọdún, n kò rán apá aṣọ kan sódì rí.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kẹta
Mo sọ fún Baba Kọ́kọ́rọ́. Ó jókòó. Ó ní bí Olùkọ́ bá mọ ẹni tó fọwọ́ kàn án, òun lè má fẹ̀yìntì pẹ̀lú orúkọ rere. Ó ní kó di Ajé, a ó tún un so.

Ajé, 18 oṣù kẹta
Wọ́n mú ìdánwò yá, ọ̀tunla ni. Olùkọ́ ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Baba. Mo rò ó pé kí n sọ fún Kò-sinmi. Ẹnu rẹ̀ kò lè pa á mọ́. N kò sọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ èyí.

Ọjọ́rú, 20 oṣù kẹta
Wọ́n lẹ ìwé pélébé mọ́ eegun, nọ́ńbà lára ọ̀kọ̀ọ̀kan. Nọ́ńbà kẹtàdínlógún wà lára ọwọ́ tó so mọ́ apá ọ̀tún. "Ọwọ́ wo nìyí?" Máàkì mẹ́rin. Mo kọ: òsì.

Ọjọ́rú, 27 oṣù kẹta
Èsì jáde. Olùkọ́ ní òun rí i pé wọ́n so ọwọ́ náà sódì, òun sì fi í sílẹ̀ láti mọ ẹni tó ń lo ojú. Nínú ogójì, ẹnì kan péré. Ó ní kí n dìde. Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Èmi: méjìléláàádọ́ta. Kò-sinmi: mẹ́rìndínláàádọ́ta. Àádọ́ta la fi ń yege. Bàbá rẹ̀ ti sọ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni òun yóò rán an nílé-ìwé.

Ọjọ́bọ̀, 28 oṣù kẹta
N kò lè ránṣọ, n kò lè kàwé.

Ẹtì, 29 oṣù kẹta
Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Mo lọ bá Olùkọ́. Mo ní èmi ni mo so ọwọ́ náà, pé mo bá yàrá ní ṣíṣí. (Irọ́ ni ti ṣíṣí. Baba kò sí nínú rẹ̀.) Mo ní mo ti mọ ìdáhùn kí n tó wọlé ìdánwò.

Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó bi mí bóyá mo mọ ohun tí mo ń ṣe. Mo ní mo mọ̀. Ó fún àwọn mọ́kàndínlógójì ní máàkì mẹ́rin. Ó yọ tèmi. Méjìdínláàádọ́ta. Ó ní òun kò lè tìtorí mi tẹ òfin lójú. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí ju bí mo ṣe rò lọ.

Àbámẹ́ta, 6 oṣù kẹrin
Mo fi epo sí ẹ̀rọ ìránṣọ.

Ajé, 15 oṣù kẹrin
Kò-sinmi gbé aṣọ funfun wá sí ṣọ́ọ̀bù, kí n rán an fún kíláàsì kejì. Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ó ní, "Màmá, Ọlọ́run ló fún mi ní máàkì mẹ́rin yẹn o." Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Mo ní kó dúró ṣánṣán, kó kọjú síwájú, kó yí àtẹ́lẹwọ́ síwájú. Ó rẹ́rìn-ín. Mo na tépù láti orí èjìká dé ọrùn-ọwọ́. Eegun mẹ́jọ ló wà níbẹ̀. Mo dárúkọ wọn nínú mi lọ́kọ̀ọ̀kan, n kò ṣi ọ̀kankan. Mo kọ ọ́ sílẹ̀: apá ọ̀tún, ínṣì mẹ́tàlélógún. Ọ̀tún rẹ̀.